Kí ló dé tí orúkọ páàtì nìkan kò fi tó fún ẹni tó ń ya sákíìtì?

Tìràǹsísítọ̀ kékeré kan wà tó jẹ́ pé "C1815" péré ni wọ́n kọ sí i lára. Kò sí ẹni tó ń tún rédíò ṣe tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n 2SC1815 ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìlànà ìsọlórúkọ àwọn ará Japan ni, wọ́n sì sábà máa ń yọ "2S" tó ṣáájú kúrò nígbà tí wọ́n bá ń tẹ orúkọ sára páàtì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. LCSC, ilé iṣẹ́ tó ń ta páàtì ní Shenzhen lórílẹ̀èdè China, náà máa ń fi lẹ́tà C àti nọ́ńbà sàmì sí ọjà rẹ̀. Ẹni tó bá kọ "C1815" nìkan sínú ìwé ohun tó fẹ́ rà lè máa sọ ti tìràǹsísítọ̀, kí ẹni tó ń bá a rajà máa ka nọ́ńbà ọjà mìíràn.

Fún ẹni tó ń gbé nítòsí ọjà Alaba l'Ékòó, irú àṣìṣe yìí lè máà ju owó ọkọ̀ lọ, torí ó lè padà lọ pààrọ̀ ohun tó rà. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní Djébonoua, ìlú tó wà ní gúúsù Bouaké, lójú ọ̀nà Yamoussoukro ní Côte d'Ivoire. Ẹni tó bá ń ya sákíìtì níbẹ̀ máa rin ìrìnàjò tó lé ní 300 kìlómítà kó tó dé ọjà Black Market ní Adjamé, l'Abidjan. Bó bá sì jẹ́ China ló ti ránṣẹ́ rà á, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa fi retí ẹrù.

Orúkọ yàtọ̀, ẹsẹ̀ náà yàtọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tó ń sàba lórí ẹyin adìyẹ bí àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 21 ni ẹyin máa lò nínú rẹ̀, ooru ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 37.5°C. Tìràǹsísítọ̀ kan ló máa ń tan rílé, rílé yẹn ló sì ń tan iná tó ń mú inú ẹ̀rọ gbóná.

Ká sọ pé BC547 ni ayàwòrán lò. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Tí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ tó tẹ́jú sọ́dọ̀ ara yín, bí wọ́n ṣe tò láti òsì sí ọ̀tún ni kọlẹ́kítọ̀, béèsì, ẹmítà. 2SC1815 lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì sí ìyàtọ̀ tí ojú lè tètè rí láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹmítà, kọlẹ́kítọ̀, béèsì ni tirẹ̀. 2N3904 tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀: ẹmítà, béèsì, kọlẹ́kítọ̀.

Ẹni tó bá wá fi C1815 sí ojú ihò BC547, rílé kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó lè má tètè mọ̀, kó máa wá àṣìṣe sínú kóòdù tó kọ, nígbà tí ẹyin ti tutù. Tó bá sì jẹ́ pé ojú ihò ọ̀hún gan-an ló yà lódì, gbogbo bọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ fún un ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó fa èyí ni pé àmì tí wọ́n ń yà sórí àwòrán wà lọ́tọ̀, ojú ẹsẹ̀ tí páàtì máa dúró sí lórí bọ́ọ̀dù wà lọ́tọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rà á náà sì wà lọ́tọ̀. Iṣẹ́ dátábéèsì ni láti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú ìlà kan, kí ayàwòrán má máa gbára lé orí ara rẹ̀.

KiCad, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí olùkọ́ kan ní Grenoble, Jean-Pierre Charras, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992, ti ń ṣe èyí báyìí. Ẹ̀dà keje rẹ̀, tó jáde lóṣù Kejì ọdún 2023, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí èèyàn lè mú páàtì tààrà látinú dátábéèsì sínú àwòrán. Fáìlì SQLite kan lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ti tó fún un. Kò pọn dandan kí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège.

Kọ́mà lè da iṣẹ́ rú

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti ẹkùn wa yìí gan-an. Ní Côte d'Ivoire, Benin àti Togo, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kàwé, 4,7 ni wọ́n máa ń kọ. Ní Nàìjíríà àti Ghana, 4.7 ni. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lo fáìlì CSV kan náà, tó jẹ́ pé kọ́mà ló ń pín òpó kan sí èkejì, 4,7 lè di 4 nínú òpó kan, kí 7 bọ́ sínú òpó tó tẹ̀ lé e. Rẹ̀sísítọ̀ ti di nǹkan mìíràn nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti wá nǹkan ṣe sí i tipẹ́. Ìlànà àgbáyé IEC 60062 ní kí wọ́n fi lẹ́tà sí ibi tí àmì náà ì bá wà: 4k7. Kò sí kọ́mà, kò sí àmì ìdánudúró, bí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ ẹ̀dà tẹ ìwé náà tó ṣá, kò sí ohun tó máa parẹ́.

Kàpásítọ̀ náà ní tiẹ̀. "104" tí wọ́n kọ sí i lára túmọ̀ sí 10 tí òdo mẹ́rin tẹ̀ lé, ìyẹn 100,000 píkófárádì. Òun náà ni 100nF, òun náà ni 0.1µF. Bí èèyàn mẹ́ta bá kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta, ìlà mẹ́ta ló máa wà nínú àkójọ, wọ́n á sì tún lọ ra ohun tó kún inú dúrọ́ọ̀ wọn. (Ẹni tó ń tà á kò ní bá wọn jà.)

Páàtì tí kò ní ìwé

Àwọn àkójọ ńláńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi Octopart, dára láti fi wá iye owó àti ibi tí ọjà tuntun wà. Wọn kò lè mọ ohun tó wà nínú àpótí ẹni tó ń tú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ láti fi mú páàtì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú páàtì tí wọ́n ń lò ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ń wá. Nígbà tí Kodjo Afate Gnikou kó W.Afate jọ ní Lomé lọ́dún 2013, ìyẹn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tí òkìkí rẹ̀ kàn, ara àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti jù nù ló ti mú ọ̀pọ̀ ohun tó fi ṣe é.

Irú páàtì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òpó tirẹ̀ nínú dátábéèsì: ara ẹ̀rọ wo ni wọ́n ti yọ ọ́, mélòó ló kù, ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò náà kò wọ́n. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí àwọn ará Jámánì méjì, Markus Frejek àti Karl-Heinz Kübbeler, ṣe àwòrán rẹ̀ sí gbangba, tí àwọn oníṣòwò China sì ti ń tà ní pọ́ọ́kú. Ẹ óò ki ẹsẹ̀ tìràǹsísítọ̀ bọ inú rẹ̀, ẹ óò tẹ bọ́tìnì kan, yóò sì kọ èyí tó jẹ́ béèsì, kọlẹ́kítọ̀ àti ẹmítà sójú rẹ̀. Ohun tó bá kọ ni ẹ óò kọ sójú ìlà páàtì náà, kì í ṣe ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.