Kí Ló Dé Tí Àwọn Tó Gba Abẹ́rẹ́ Kòrónà Tún Fi Kó Àrùn Náà?

Bí a bá ti dárúkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára títí di òní, a máa ń gbọ́ ọ pé: "Ṣebí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó kọ́kọ́ gbà á tún kó Kòrónà!" Òótọ́ ni, wọ́n kó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́.

Ní ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú San Diego, ní California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ ní abẹ́rẹ́. Láti oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù keje ọdún 2021, òṣìṣẹ́ 227 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà. 130 nínú wọn ló ti gba abẹ́rẹ́ wọn pé. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan yóò ní abẹ́rẹ́ kò wúlò. Àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù keje, nínú òṣìṣẹ́ 100, bí 87 ló ti gbà á pé.

Ká ní ọmọ mẹ́wàá lọ sóko. Mẹ́jọ wọ bàtà, méjì kò wọ̀. Ẹ̀gún gún àwọn méjèèjì tí kò wọ bàtà, ó sì gún méjì nínú àwọn tó wọ̀ ọ́. Ìdajì àwọn tí ẹ̀gún gún ló wọ bàtà. Ṣé bàtà kò wúlò ni?

Nínú oṣù keje yẹn, nínú 1,000 òṣìṣẹ́ tí kò gba abẹ́rẹ́, bí 16 ló kó àrùn náà. Nínú 1,000 tó gbà á ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, wọn kò pé 7. Nínú 1,000 tó gbà á láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, wọn kò pé 4.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó tètè gbà á ló kó o ju àwọn tó gbà á lẹ́yìn lọ. Agbára abẹ́rẹ́ náà máa ń dín kù bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ẹ̀yà Delta tó ń yára ràn sì ti gbòde nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni California ti gbà láti 15 oṣù kẹfà pé kí àwọn tó gba abẹ́rẹ́ bọ́ ìbòmú ní ọ̀pọ̀ ibi.

Kì í ṣe pé ara wọn le o: 109 nínú àwọn 130 yẹn ló mọ àìsàn náà lára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú nínú àwọn 227. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn, kò sì gba abẹ́rẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Amẹ́ríkà gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó gba Pfizer lọ gba ẹ̀kẹta, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti gba ìkejì.