Àgbàlagbà tí ó fẹ́ Sin Ọmọ Ajá

Ní Epinmi-Àkókó, bí ó ti rí ní ìlú mìíràn, àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìdálẹ̀ a máa gba ọmọ ajá, kí ó lè máa ṣọ́ ilé, kí ó sì máa bá a ṣeré. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n nínú 100 ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi ń mú, bí 99 ni ó ti ara ajá kó o.

Nítorí náà, bí ọmọ ajá bá pé oṣù 3, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Ajá lè lò ju ọdún 10 lọ láyé; kí àgbà tètè yan ẹni tí yóò máa mú un lọ nígbà tí ẹsẹ̀ òun kò bá ran ìrìn mọ́.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, bí ó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́.