OLÚ TÍ A RỌ Ẹ̀FỌ́ SÍ NÍNÚ: OÚNJẸ ALẸ́ TÍ KÒ NÍ ẸRAN



Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Gbogbo wa la mọ iye tí a ń ra ẹran àti ẹja ní ọjà Mile 1 àti Mile 3. Àwọn kan sì wà láàárín wa tí dókítà ti ní kí wọ́n dín ẹran pupa kù. Ó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ oúnjẹ alẹ́ kan tí kò ní ẹran, tí ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì ní máa fi ṣíbí wá ẹran nísàlẹ̀ abọ́. Olú lè ṣe iṣẹ́ yìí fún wa, bí a bá mọ èyí tó yẹ kí a rà àti bí a ṣe ń sè é.

Olú kì í ṣe àjèjì sí wa

Àwọn baba ńlá wa ti ń jẹ olú tipẹ́. Ní ọdún 1975, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ B. A. Oso kọ àpilẹ̀kọ odidi kan lórí olú àti àwọn Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Mycologia. A mọ ẹsẹ̀ adìẹ tí ń hù lára igi gbígbẹ. A mọ olú tí ń hù lórí ògán lẹ́yìn òjò. Ikán fúnra rẹ̀ ló ń gbin ti orí ògán yìí: yóò kó ewé àti igi jíjẹrà sínú ilé rẹ̀, olú yóò hù lórí rẹ̀, ikán yóò sì máa rí jẹ níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, olú náà yóò yọ orí síta.

Àwọn aládùúgbò wa níbí náà mọ̀ ọ́n. Ero ni àwọn Igbo ń pe olú. Usu tí ẹ ń rí lórí àtẹ, tó dúdú lẹ́yìn tó sì funfun nínú, ara olú ni, ibi tí olú kan ń kó oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́ sí ni. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀gúsí, wọn a mọ ọ́n róbótó, wọn a sì fi dípò ẹran nínú ọbẹ̀.

Ẹ má ṣe já olú nínú igbó

Ẹni tó mọ olú ìlú rẹ̀ dáadáa lè má mọ ti ibí, nítorí igbó kò jọra. Olú funfun ńlá kan wà tó máa ń hù lórí koríko àgbàlá lẹ́yìn òjò ní àwọn ilẹ̀ olóoru. Chlorophyllum molybdites ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò máa bì, yóò sì máa ṣu gbuuru láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn mìíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Májèlé wọn lè má hàn títí di wákàtí 6 sí 24, nígbà tó sì bá fi hàn, ó ti ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Iná kò pa irú májèlé bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni pé ṣíbí fàdákà tàbí àlùbọ́sà lè fi hàn wá. Pé kòkòrò jẹ olú kò sì sọ pé ènìyàn lè jẹ ẹ́.

Olú tún máa ń fa ohun tó wà nínú ilẹ̀ mọ́ra, títí kan òjé. Nítorí náà, kódà olú tí ẹ mọ̀, ẹ má ṣe já a ní ẹ̀gbẹ́ ààtàn, ní etí títì, tàbí ní ilẹ̀ tí epo rọ̀bì ti dà sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ olú tí ara rẹ̀ sì yí padà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú olú tó ṣẹ́ kù dání. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa kí ẹ wá máa retí.

Èwo ni ká rà?

Olú tí a gbìn ni kí ẹ rà. Lórí lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n ti ń gbin púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí fìlà rẹ̀ jin bí ife ló dára jù fún oúnjẹ yìí. Bí ó bá jẹ́ èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ rí, ẹ fi ẹ̀fọ́ sáàárín méjì. Inú bébà ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì sè é láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé omi ló pọ̀ jù nínú olú. 100 gíráàmù olú tútù kò ní ju nǹkan bí 3 gíráàmù purotéènì lọ, ẹran sì máa ń ní tó 20. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀gúsí sí i, torí purotéènì pọ̀ nínú ẹ̀gúsí.

Ohun èlò (fún ènìyàn 4)

Olú ńlá 12, ewé ugu tàbí tẹ̀tẹ̀, ìdì kan, ẹ̀gúsí lílọ̀, ìdajì ife, àlùbọ́sà 1, tòmátì 2, tàtàṣé 1, ata rodo bí ẹnu bá ṣe gbà á, irú, ṣíbí 1, òróró, ṣíbí 4, iyọ̀.

Bí a ṣe ń sè é

1. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ ewé lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Láti ìparí ọdún 2016 tí èéfín dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé ìlú yìí, a ti mọ ohun tí ń bà sórí ewé. Ẹ ṣan olú wéré, ẹ má ṣe rẹ ẹ́ sínú omi.

2. Ẹ yọ ẹsẹ̀ olú, kí ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Ẹ má ṣe jù ú nù.

3. Ẹ din àlùbọ́sà nínú òróró ṣíbí 3. Ẹ da ata, tòmátì, irú àti ẹsẹ̀ olú sí i títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ.

4. Ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí, ẹ dà á sí i, kí ó jinná fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ da ewé sí i fún ìṣẹ́jú 2, ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

5. Ẹ fi òróró tó kù pa fìlà olú, ẹ dojú wọn dé inú páànù gbígbóná fún ìṣẹ́jú 4, kí ẹ sì da omi tó bá jáde nù. Ẹ yí wọn padà, kí ẹ rọ ẹ̀fọ́ sí wọn nínú.

6. Ẹ gbé e sínú ààrò gáàsì ní 190°C fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá sí ààrò, ẹ tò wọ́n sínú ìkòkò tó fẹ̀, ẹ wọ́n omi ṣíbí 2 sí ìdí rẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ fi iná jẹ́jẹ́ sè é fún ìṣẹ́jú 20.

Ẹ fi jẹ ìrẹsì, iṣu sísè tàbí dòdò. Iṣẹ́ rírọ ẹ̀fọ́ yìí rọrùn fún ọmọdé, ẹ pè wọ́n wá sí ilé ìdáná. Bí wọ́n bá ti ń rọ ọ́, ẹ sọ fún wọn pé olú tí wọ́n bá rí lórí koríko kì í ṣe ohun à ń fi sẹ́nu. Ẹ̀kọ́ yẹn yóò bá wọn dàgbà.

Ẹ ó jẹ ẹ́ sára o.