Ocicat: Ara Ẹkùn, Ẹ̀jẹ̀ Ológbò

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Ocicat lè rò pé ọmọ ẹkùn ló wọlé. Ara rẹ̀ gùn, ó sì ki. Àmì tótòtó tò sí i lára láti èjìká dé itan bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, wọn ò mú ẹranko igbó kankan wọ ìdílé rẹ̀: ológbò ilé ni baba, ológbò ilé ni ìyá. Lójú tèmi, èyí gan-an ló fi yẹ kí a yìn ín ju àwọn tí wọ́n bí láti ara ẹranko igbó lọ.

Ní ọdún 1964, ní ìlú Berkley ní ìpínlẹ̀ Michigan, Virginia Daly, ẹni tó ń sin ológbò, ń wá ológbò Siamese tí etí àti ìrù rẹ̀ yóò ní àwọ̀ irú ológbò mìíràn, Abyssinian. Ó da irú méjèèjì pọ̀, ó sì mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn fún akọ Siamese. Ohun tó ń wá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ọmọ kan tún yọ tí ẹnikẹ́ni ò retí: àwọ̀ eyín erin ni ara rẹ̀, àwọ̀ wúrà ni àmì rẹ̀. Tonga ni wọ́n pè é. Ọmọbìnrin Daly ló ní ó jọ ocelot, ẹranko alámì inú igbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni orúkọ Ocicat ti wá. Wọ́n tẹ Tonga lọ́dàá, wọ́n tà á. Ìgbà tí Clyde Keeler, onímọ̀ nípa àjogúnbá, fi ìfẹ́ hàn sí i ni Daly tó tún irú ìbí náà ṣe. Wọ́n mú irú ológbò American Shorthair wọ ìran náà lẹ́yìn náà, ó mú egungun tó nípọn àti àwọ̀ fàdákà wá.

Níbo ni àmì náà ti wá, nígbà tí òbí méjèèjì ò ní i lára? Ó wà lára wọn, ó fara pamọ́ ni. Abyssinian ní jíìnì kan tó ń pín àwọ̀ kárí irun ara, tí àmì kò fi ní hàn. Ti Siamese, ibi tó bá tutù lára nìkan ni àwọ̀ ti ń jáde: ojú, etí, ẹsẹ̀, ìrù. Ọmọ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ìbòrí méjèèjì ni àmì yóò yọ lára rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àfarawé lásán nìyí, pé ológbò Bengal, tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹranko igbó Éṣíà, ni ojúlówó. Ṣùgbọ́n kí Bengal tó wà, ẹnìkan ní láti há ẹranko igbó mọ́lé. Akọ inú ìran àkọ́kọ́ kì í sì í lè bímọ. Ọsirélíà kò tilẹ̀ gba ológbò Savannah, ọmọ ẹranko igbó serval, wọlé, nítorí ẹ̀rù àwọn ẹranko kéékèèké tó lè pa. Láyé ìgbà Tonga, àwọn ará Amẹ́ríkà ń sin ocelot fúnra rẹ̀ nínú ilé. Salvador Dalí, ayàwòrán, náà fi okùn fa tirẹ̀ kiri. Ẹranko tó ń dá rìn lóru, tó nílò igbó tó gbòòrò, ni wọ́n sọ di ohun ọ̀ṣọ́. Ocicat fún ojú ní ohun tó fẹ́ láìfi ìyà jẹ ocelot kankan.

Àtakò kejì wúwo jù: fífi àwọ̀ yan òbí máa ń kó àrùn jọ. Òótọ́ ni. Jíìnì kan tó ń fọ́jú ológbò díẹ̀díẹ̀ wà nínú Abyssinian, ó sì wà nínú Ocicat. Àmọ́ àyẹ̀wò DNA wà fún un, kò sì yẹ kí a fi ológbò méjì tó gbé e ṣe tọkọtaya. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ Ocicat, kó kọ́kọ́ béèrè èsì àyẹ̀wò ìyá àti baba rẹ̀.