Owó Ta Ni Wọ́n Fi Ń Ṣe Ojú Irin Èkó?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin Èkó ni a fẹ́ là yé ara wa lónìí, nítorí pé owó gbogbo ará ìlú ni ó wà nídìí rẹ̀.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè kọ́ ojú irin. Afárá, ibùdókọ̀, iná mànàmáná àti owó gbà-má-bínú fún àwọn tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ni a ó náwó sí kí èrò àkọ́kọ́ tó wọkọ̀. Ìdí nìyí tí ìjọba fi ń lo owó orí àti owó tí ó yá. Iṣẹ́ náà a sì máa pẹ́ ju sáà gómìnà kan lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Lásìkò Alhaji Lateef Jakande, tí ó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ni wọ́n ṣètò Metroline. Ní 1985, ìjọba ológun fagi lé e. Owó ti jáde, ṣùgbọ́n kò sí ojú irin. Ẹgbẹ́ tí ìgbìmọ̀ tuntun bá pa ilé tí ìgbìmọ̀ àná bẹ̀rẹ̀ tì mọ irú òfò bẹ́ẹ̀.

Òfin 2002 ni ó dá LAMATA sílẹ̀, kí àjọ kan lè máa bójú tó ètò ìrìnnà bí gómìnà tilẹ̀ yí padà. Nǹkan bí 2010 ni iṣẹ́ Ìlà Búlúù bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023 ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ 5. Gómìnà 3 ni ó jẹ láàárín rẹ̀. Ìlà Pupa, láti Agbádó dé Òyìngbò, bẹ̀rẹ̀ ní 2021, èrò sì wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹwàá 2024. Ó yá kánkán nítorí pé ojú irin ìjọba àpapọ̀ tí ó lọ sí Ìbàdàn ni ó ń gbà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé ojú irin ní àdúgbò yín, ẹ lọ, kí ẹ sì béèrè pé: Níbo ni owó ọdọọdún yóò ti wá? Ilé ta ni wọn yóò wó, nígbà wo ni wọn yóò sì sanwó rẹ̀? Bí owó ọkọ̀ kò bá ká ìnáwó, ta ni yóò dí i?

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Owó tí a jọ dá, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣọ́ ọ.