Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ tó wádìí ìlera ara wọn

Ní Chinatown, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà nílùú San Francisco, l'Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Chinese Progressive Association, àwọn olùwádìí yunifásítì àti àjọ ìlera ìlú pawọ́ pọ̀ ṣèwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ gan-an ló lọ ń bi ẹlẹgbẹ́ wọn léèrè ọ̀rọ̀, lédè abínibí wọn. Òṣìṣẹ́ 433 dáhùn. Iná ti jó ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀bẹ ti gé àwọn mìíràn lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ bí ìdajì wọn kò sì tó iye tófin là kalẹ̀. Ta ni ì bá sọ èyí fún àjèjì? Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa lókè òkun, bí wọ́n bá ń wádìí ìlera àdúgbò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn dá sí i.