Ìdí tí kò fi yẹ kí agbẹ̀bí kánjú gé ìwọ́ ọmọ tuntun

Bí ọmọ bá ti ké ní yàrá ìbímọ, ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí ló máa ń dí okùn ìwọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n á sì gé e. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí wọ́n mú sùúrù: kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, sí mẹ́ta kí wọ́n tó dí i.

Kí ni ìṣẹ́jú kan lè ṣe fún ọmọ?

Nígbà tí ọmọ bá jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣì wà nínú ibi ọmọ. Bí okùn ìwọ́ bá ṣì ń lù, ẹ̀jẹ̀ yìí á máa ṣàn padà sára ọmọ. Inú rẹ̀ ni èròjà áyọ́ọ̀nù wà, tí ara ọmọ máa lò fún oṣù mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí ìlera NDHS ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tó wà láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà àti àìjẹunre-kánú wà lára ohun tó ń fà á, nítorí náà dídúró nìkan kò lè tán ìṣòro náà. Síbẹ̀, ó ń ṣèrànwọ́.

Ní Kathmandu, lórílẹ̀-èdè Nepal, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí lórí ọmọ 540. Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́jọ, 82 nínú 100 àwọn tí wọ́n tètè dí ìwọ́ wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. 73 ni láàrin àwọn tí wọ́n dúró fún.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Lọ́dún 2023, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé àbájáde ogún ìwádìí jáde. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n tètè dí ìwọ́ wọn, bí 8 ló kú kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù. Bí 6 ni nínú àwọn tí wọ́n dúró fún.

Ṣé kò léwu fún ìyá?

Ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ dídà ló mú kí wọ́n máa kọ́ àwọn agbẹ̀bí tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n yára. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìwádìí 15, tó kan ìyá tó súnmọ́ 4,000, kò rí i pé dídúró ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídà kò yẹ̀ lórí ìyá. WHO ní ìyá tó ní HIV pàápàá lè dúró.

Ìgbà wo ni kò yẹ kí wọ́n dúró?

Bí ọmọ kò bá mí lẹ́yìn tí wọ́n nù ún gbẹ tí wọ́n sì fọwọ́ ra á lẹ́yìn, tàbí tí ẹ̀mí ìyá wà nínú ewu, ìtọ́jú ló kàn. Ojú ọmọ mìíràn sì lè pọ́n díẹ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ ọ.

Dídúró yìí kò gba owó, kò gba ẹ̀rọ. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì yín léèrè kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé: "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa ń dí ìwọ́ ọmọ?"